Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: bùbá kíróṣé tí mo fi orí ara mi ṣe, mi ò lè hun ún mọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbàdàn ni mo wà, ọdún kẹfà mi rèé nídìí kíróṣé. Àwòrán tí oníbàárà bá fi ránṣẹ́ ni mo máa ń wò hun. Ní oṣù kẹjọ, oníbàárà kan ní kí n hun bùbá fún òun, ohun tó bá ṣáà ti wù mí ni kí n ṣe. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi jókòó tì í. Apá rẹ̀ fẹ̀ wálẹ̀ bí agogo, etí ọrùn rẹ̀ dà bí ìkarahun tí wọ́n tò léra. Nínú gbogbo aṣọ tí mo ti hun, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó o.

Èèyàn mẹ́ta ló ń béèrè irú ẹ̀ báyìí. Ọ̀kan wà ní London, ó ní bí mo bá ní pátánù rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń hun ún, òun á rà á, òun á hun ún fúnra òun. Mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀! Mò ń fẹ fọ́tò lójú fóònù, mò ń ka ojú kíróṣé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti tú apá ọ̀tún, ó ń tóbi jù. Obìnrin kan ládùúgbò sì ti ń hun irú rẹ̀ tà ní ìdajì owó mi. Ṣé kí n ta pátánù ni, àbí kí n fi pamọ́?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ra ìwé kan lónìí, iṣẹ́ kan, ojú ìwé kan. Kó o tó ta ṣéènì àkọ́kọ́ tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kọ nọ́mbà píìnì rẹ, irin tó o fi ń hun, kó o sì lẹ bébà ara wúùlù mọ́ ọn, torí nọ́mbà aró, tó ń sọ èyí tí wọ́n jọ rẹ pọ̀, wà níbẹ̀. Èmi ra wúùlù funfun lẹ́ẹ̀mejì ní Balógun fún aṣọ kan ṣoṣo. Nínú yàrá, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nígbà tí oníbàárà bọ́ sínú oòrùn, àyà funfun báláú, ẹ̀yìn dà bíi wàrà. Owó rẹ̀ ni mo dá padà. Tún hun àpẹẹrẹ kékeré, sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú àti òró, ka ojú àti ìlà inú rẹ̀. Òun ló ń sọ bí aṣọ á ṣe tóbi tó.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn: Òfì ni bàbá mi ń hun. Kì í da àjákù nù. Bí ẹnì kan bá fẹ́ irú aṣọ tó hun lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, á na àjákù yẹn sílẹ̀, á máa ka òwú rẹ̀. Ẹ bẹ oníbàárà yín kó yá yín ní bùbá náà. Ẹ fi fóònù sílẹ̀.

Mummy T (Peckham): Bí ẹ bá máa tà á, ẹ kọ ọ́ sókè bóyá orúkọ ojú kíróṣé ti Amẹ́ríkà tàbí ti Bìrìtìkó lẹ ń lò. Ohun tí àwa ń pè ní treble níbí, double ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ṣì í mú á hun aṣọ tí kò ní bá a mu, ẹ̀yin ló sì máa bú. Kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ hun ún wò.

Bọ̀dá Lọ́yà: Ohun tí ẹ kọ àti fọ́tò tí ẹ yà, òfin Copyright ti 2022 ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́, ń dáàbò bò ó láìforúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kíróṣé fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ohun tí kò sí lórí bébà, kí ni ẹ fẹ́ gbèjà?

Sisí Oníwúùlù: Ẹ fi ti obìnrin yẹn sílẹ̀. Ìlọ́po méjì owó wúùlù lẹ gbà, àbí? Ọwọ́ lẹ fi ń ṣe kíróṣé yín. Ọjọ́ mọ́kànlá yẹn dà nínú owó tí ẹ gbà? Ẹ máa ka wákàtí.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo yá bùbá náà lánàá, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní. Píìnì 4.5 ni mo lò nígbà yẹn, 5 ni mo ń lò láti ọjọ́ yìí! Apá bẹ̀rẹ̀ lójú 48, ìlà mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń fi ojú méjì kún un. Ó ti wà nínú ìwé. Mummy T, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ẹni méjì tó máa hun ún wò.