Ìgbilẹ̀ àti ìtúpalẹ̀: orúkọ méjì ni ọ̀rọ̀ ohun ìjà núkílíà nílò

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín o.

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa lo "ìdádúró ohun ìjà olóró" fún gbogbo ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè ń ṣe láti gba ayé lọ́wọ́ bọ́ǹbù núkílíà. Ẹni tó mú un wá ní ó kúrú, ó sì rọrùn láti kà lórí rédíò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sí i, nítorí ó da ohun méjì pọ̀ tí àdéhùn àgbáyé lórí ohun ìjà yìí yà sọ́tọ̀: dídènà kí ó má pọ̀ sí i, àti mímú èyí tó wà nílẹ̀ kúrò.

"Olóró" ná, èyí kò ní pẹ́. Ejò ló ní oró, àkéekèé ló ní oró. Ohun ìjà oníkẹ́míkà, tí àdéhùn tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997, ni orúkọ yẹn bá mu jù. Àwọn oníròyìn sì ti ń pe ìbọn àti àdá adigunjalè ní ohun ìjà olóró. Bọ́ǹbù tó run Hiroshima ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1945 kò gbọdọ̀ bá àdá jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ jẹ́ kí "núkílíà" dúró, etí ti mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Àdéhùn ńlá yìí, tí wọ́n ń pè ní NPT lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ìfọwọ́sí ní 1968, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1970, ní ọwọ́ méjì. Orílẹ̀-èdè márùn-ún tó ti yin bọ́ǹbù yìí kí ọdún 1967 tó wọlé ni ó kà sí olóhun-ìjà: Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Bìrìtéènì, Faransé àti Ṣáínà (àwọn méjì ìkẹyìn yìí kò fara mọ́ ọn títí di 1992). Àwọn márùn-ún yìí gbà pé àwọn kò ní gbé e fún ẹnikẹ́ni. Àwọn yòókù gbà pé àwọn kò ní ṣe é, àwọn kò ní gbà á, àti pé kí Àjọ Àgbáyé fún Agbára Átọ́míìkì tó wà ní Vienna máa yẹ iṣẹ́ núkílíà wọn wò. Ní ìdàkejì, Abala Kẹfà àdéhùn náà ní kí gbogbo wọn dúnàádúrà tọkàntọkàn láti fòpin sí ìfigagbága ohun ìjà yìí, kí wọ́n sì mú un kúrò. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo méjèèjì, ẹni tó ń gbọ́ wa yóò rò pé àwọn tí kò ní nìkan ni òfin ń bá wí. Èyí dùn mí, nítorí irọ́ ni a ó ti fi èdè wa pa, láìmọ̀.

Fún ọwọ́ kìíní, "ìdènà ìtànkálẹ̀" ló wọ́pọ̀. Àrùn a máa tàn kálẹ̀, ìròyìn a máa tàn kálẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún bọ́ǹbù lè sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún nínú ilé ara rẹ̀. Kò tàn dé ibì kankan, síbẹ̀ ewu ti pọ̀ sí i. Nítorí náà ni mo ṣe mú "ìgbilẹ̀". Koríko tó gbilẹ̀ a fẹ̀ dé ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀, a sì ki sí i níbi tó wà. Bí ẹnìkan bá ní ọ̀rọ̀ àdúrà ni gbilẹ̀, ojoojúmọ́ ni a ń sọ pé ìwà ìbàjẹ́ gbilẹ̀.

Ọwọ́ kejì, mímú ohun ìjà kúrò, ló le. Àwọn kan ń pè é ní "ìgbóhun-ìjà-sílẹ̀". Ohun tí a gbé sílẹ̀, a lè bẹ̀rẹ̀ kí a tún gbé e. Mo ti ronú sí "ìpalẹ̀mọ́" rí, torí pé kíkó nǹkan kúrò nílẹ̀ ló túmọ̀ sí, àmọ́ ìmúrasílẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń gbọ́ nínú rẹ̀ báyìí. "Ìpalẹ̀mọ́ ohun ìjà" yóò dà bí ẹni pé ogun ń bọ̀! Ẹ wo Gúúsù Áfíríkà: ó ṣe bọ́ǹbù mẹ́fà fúnra rẹ̀, ó tú gbogbo wọn, ó wọ inú àdéhùn ní 1991, ó sì sọ ọ́ fáyé gbọ́ ní 1993. Kò gbé wọn sílẹ̀, ó tú wọn palẹ̀ ni. "Ìtúpalẹ̀" ni mo fara mọ́.

Kí a má sì dà á pọ̀ mọ́ "ìdínkù", tí í ṣe pé iye rẹ̀ lọ sílẹ̀, tàbí "ìfòfindè". Orílẹ̀-èdè 122 dìbò fún àdéhùn ìfòfindè ní 2017, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó ní bọ́ǹbù tó fọwọ́ sí i. A ti fòfin dè é. A kò tíì tú u palẹ̀.

Bí "àdéhùn ìdènà ìgbilẹ̀ ohun ìjà núkílíà" bá gùn jù fún rédíò, kí olóòtú pè é délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó wá máa lo "àdéhùn ìdènà ìgbilẹ̀" lẹ́yìn náà. Ohun tí mo bẹ̀ yín fún ni pé bí ìròyìn bá ti kan Abala Kẹfà, kí "ìtúpalẹ̀" má ṣe sọnù níbẹ̀.