Òfin ò fipá mú wa, kí ló dé tí a fi gba ìwé-ẹ̀rí igbó?

Ọmọ Gẹdú:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé ní ọdún 15 tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ gẹdú, ìbéèrè tí àwọn ọmọ tó ń wọlé síṣẹ́ máa ń bi mí kò sì yí padà: nígbà tí òfin ò fipá mú yín, kí ló dé tí ẹ ń sanwó kí àlejò lè wá máa yẹ igbó yín wò? Màá sọ tiwa, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Lẹ́tà kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Oníbàárà wa tó ń rajà jù lọ kọ̀wé pé láti ọdún tó ń bọ̀, òun ò ní ra igi tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí FSC mọ́, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìwé-ẹ̀rí fún igbó tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa. Ẹ̀yìn ìgbà náà la gbọ́ pé àwọn tó ń jà fún àyíká ti lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú pátákó. Irú ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí Home Depot, ilé-ìtajà ohun èlò ìkọ́lé ńlá ní Amẹ́ríkà, kó tó kéde ní 1999 pé igi tó ní ìwé-ẹ̀rí lòun yóò máa kọ́kọ́ wá rà. Wọn ò wá bá àwa nínú igbó rárá. Ẹni tó ń náwó fún wa ni wọ́n lọ bá. Ọ̀gá wa ṣírò ohun tí ìyẹ̀wò máa ná wa, ó ṣírò ohun tí a máa pàdánù bí oníbàárà yẹn bá lọ, ó sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Mi ò ní sọ fún yín pé ìfẹ́ igi ló mú wa débẹ̀.

Àmọ́ nígbà tí olùyẹ̀wò dé, kò kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Ọ̀dọ̀ àwọn agégi ló lọ, ó jókòó tì wọ́n lórí ìtì igi. Ta ló kọ́ yín bí a ṣe ń gé igi tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Ta ló fún yín ní akoto? Bí igi bá wó lu ẹnì kan nísinsìnyí, ọkọ̀ wo ló máa gbé e? Kò sẹ́ni tó rí èsì ìkẹta sọ. Ó tún rìn dé ibi odò kan tí a to igi dí kí ọkọ̀ wa lè kọjá. Ọdún mẹ́jọ la ti ń gba orí ẹ̀, ojú wa ti mọ́ ọn débi pé a ò rí i mọ́. Àṣìṣe ńlá méjì ló kọ sílẹ̀, irú èyí tí a gbọ́dọ̀ tún ṣe kí ìwé-ẹ̀rí tó lè jáde. Kí ó tó dé, kò sí ọdún tí a kì í gbé òṣìṣẹ́ lọ sílé ìwòsàn. Ní ọdún kẹta tí a gba ìwé náà, a ò gbé ẹnikẹ́ni.

Akọ̀wé Ilé Pákó:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwa ò ní igbó, pákó là ń là. Òfin ibi tí ọjà wa ń lọ ló tì wá. Láti 2013 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de igi tí wọ́n gé lọ́nà àìtọ́, ẹni tó bá ń kó igi wọ ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wádìí orísun rẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí nìkan kò tó lójú òfin náà, ṣùgbọ́n ó mú kí ìwádìí yẹn rọrùn fún àwọn oníbàárà wa.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni kí igi má dà pọ̀. Ọ̀dà la fi ń sàmì sí ìtì tó bá ti inú igbó tó ní ìwé-ẹ̀rí wá. Lálẹ́ ọjọ́ kan, awakọ̀ kan da ìtì mìíràn sórí èyí tó ní ìwé kí a tó fọ̀dà kàn án. A ò lè yà wọ́n mọ́. Ẹnì kan ní kí n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bí èyí tó ní ìwé, mo kọ̀. Gbogbo rẹ̀ la tà láìlẹ òǹtẹ̀. Ó dùn wá gan-an.

Ẹni bá sì sọ pé owó pákó yín máa gòkè nítorí ìwé-ẹ̀rí, ẹ má tètè gbà á. Oníbàárà méjì péré ló fi nǹkan kún owó wa. Ohun tí a rí ni pé nígbà tí ọjà kú, àwa kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ já sílẹ̀.

Onígbó Kékeré:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tó jáde. Igbó tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún èmi àti àwọn àbúrò mi kò tó hẹ́kítà 40. Èmi nìkan ò lè san owó ìyẹ̀wò, mo wá dara pọ̀ mọ́ àwọn onígbó mìíràn lábẹ́ ìwé kan ṣoṣo, ti PEFC, ètò ìwé-ẹ̀rí igbó mìíràn tí àwọn onígbó ìdílé bí tiwa dá sílẹ̀ ní Yúróòpù ní 1999. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀: igi tí mo gé, igi tí mo gbìn, ibi tí ẹyẹ tẹ́ ìtẹ́ sí. Ẹni tó ń ra igi lọ́wọ́ mi kò béèrè ìwé yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo fi í sílẹ̀. Mo ṣì ń gbin igi o, mi ò sì ń gé èyí tó wà létí odò. Ìwé ni mo jáwọ́ nínú ẹ̀.

Olùyẹ̀wò:

Ọdún 11 ni mo ti fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ní 1992, àwọn ìjọba péjọ sí Rio de Janeiro, wọn ò lè fẹnu kò sórí àdéhùn igbó tó lágbára òfin. Ìdí nìyẹn tí FSC fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ohun kan wà tó máa ń gún mi lọ́kàn: ilé-iṣẹ́ tí mò ń yẹ̀ wò ló ń san owó mi. Mo ti dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ kí n wo igbó láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Nítorí náà, kí n tó wọgbó, mo máa ń bi ọ̀gá ibẹ̀ pé: bí oníbàárà yín ò bá béèrè ìwé yìí mọ́ lọ́la, ṣé ẹ ṣì máa gbà mí lálejò? Ojú ni mo máa ń wò, kì í ṣe ẹnu.

Ọmọ Gẹdú:

Ọ̀gá mi, ìbéèrè yẹn ti bá wa. Oníbàárà tó kọ lẹ́tà sí wa kógbá sílé lọ́dún tó kọjá, ìwé-ẹ̀rí wa sì máa pé ọdún márùn-ún láìpẹ́, ìyẹn ni pé ó máa tán. Wọ́n ń jiyàn lọ́fíìsì bóyá ká tún un gbà. Àwọn agégi gbọ́, wọ́n rán ẹni méjì sí mi pé kí n bá wọn sọ fún ọ̀gá: bí ìwé bá lọ, akoto náà máa lọ. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ló ní kí n wá gbọ́ èsì.