Lórí "kòkòrò àìfojúrí": mọ̀lẹ́bí eégbọn ni wọ́n

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi,

Mo ka ìwé ìtọ́sọ́nà tí ẹ̀gbọ́n wa kọ fún àwọn tó fẹ́ ṣe àkójọ kòkòrò inú igbó etí odò, irú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n "kòkòrò àìfojúrí" tí wọ́n pe àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí eégbọn ("mite" lédè Gẹ̀ẹ́sì) kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Orúkọ náà ti ní olówó orí: ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí rédíò mọ̀ pé ohun tó ń fa àrùn ni wọ́n ń wí. "Àì-" yẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú. Ta ni kò rí eégbọn rí lára ajá? Bí a bá kó ewé jíjẹrà sórí asẹ́ inú àrọ, tí a tan gílóòbù sókè rẹ̀, tí a gbé ìgò ọtí sísàlẹ̀, bí ewé ṣe ń gbẹ ni àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ yóò máa sá lọ sísàlẹ̀ títí wọn yóò fi já sínú ọtí. Ẹ da ọtí náà sínú abọ́ funfun, ẹ ó fojú lásán rí àwọn tó tóbi nínú wọn bí ata gígún.

Ẹlòmíràn dábàá "ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́jọ", torí pé ẹsẹ̀ mẹ́fà ni kòkòrò ní. Aláǹtakùn ńkọ́? Àkéekèé ńkọ́? Ọmọ eégbọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin pàápàá, ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní. Ìgbà tó bá bọ́ awọ ló ń di mẹ́jọ. Orúkọ wo nìyẹn tí kò bá ọmọ mu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ?

"Eégbọn ilẹ̀" àti "eégbọn ewé" ni mo fara mọ́. Àwọn kan yóò ní eégbọn a máa mu ẹ̀jẹ̀, tinú ewé kì í mu ún. Àwọn baba wa sọ ẹranko odò ní erinmi, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ọwọ́jà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ pákí. Eégbọn ewé kan wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ó ń ba pákí jẹ́ nílẹ̀ wa. Òmíràn tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, mú wá láti Brazil, tí wọ́n tú sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní 1993, ló ń pa á jẹ. Inú ọ̀mùnú ni yóò sá sí lọ́sàn-án, alẹ́ ni yóò jáde wá jẹun. Àgbẹ̀ tí a bá sọ fún pé kòkòrò àìfojúrí wà lára pákí rẹ̀, oògùn ni yóò fín, yóò sì pa ọ̀rẹ́ pọ̀ mọ́ ọ̀tá.

Bí ẹ̀gbọ́n wa bá ṣì di "àìfojúrí" mú, kí wọ́n jọ̀wọ́ sọ orúkọ tí àwọn nọ́ọ̀sì yóò máa pe tiwọn tó ń fa àrùn.