Igbó kì í ka "wákàtí ìmọ́lẹ̀": èsì lórí àwọn ọ̀rọ̀ àgọ́ ọ̀gbìn

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú làákàyè.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: ẹni tó bá gbin igbó (cannabis, èyí tí wọ́n ń fà bíi sìgá) àti lẹ́mọ́ọ̀nù pọ̀ sínú àgọ́ kan nínú yàrá, ní Kánádà tàbí Jámánì tí òfin ti gbà á láyè, kí ni kó máa pe àwọn nǹkan tó ń lò lédè Yorùbá? Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n ti dábàá: atíbàbà ewéko fún àgọ́ náà, ọsàn wẹ́wẹ́ fún lẹ́mọ́ọ̀nù, igi igbó fún igbó kọ̀ọ̀kan, àti wákàtí ìmọ́lẹ̀ fún bí iná ṣe ń tàn tó lójúmọ́. Kò sí èyí tí mo lè gbà bó ṣe wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Atíbàbà ò ní ògiri. Abẹ́ rẹ̀ la ti ń jẹun níbi ìnáwó, atẹ́gùn á fẹ́ wọlé, oòrùn á yọjú síni. Ohun tí à ń sọ yìí, aṣọ dúdú tó nípọn ni, inú rẹ̀ ń dán bíi dígí kí ìmọ́lẹ̀ má baà ṣòfò, síìpù ni wọ́n fi ń pa á dé. Èyí tó wọ́pọ̀ fẹ̀ ní 120 sẹ̀ǹtímítà níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó ga ní 200. Fáànù kan wà lókè tó ń fa afẹ́fẹ́ gba inú asẹ́ eléèédú jáde, kí òórùn má baà gba gbogbo ilé. Tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ògiri aṣọ náà á wọnú díẹ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń fa sìgá. Tó bá wú síta, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti ju èyí tó ń jáde lọ nìyẹn, òórùn á sì máa gba ojú rírán jáde láìkọjá lára èédú. Nǹkan tó ń pa ara rẹ̀ dé báyìí, àgọ́ ni. Àgọ́ ọ̀gbìn. (Mo mọ̀ pé ẹnìkan á rántí àgọ́ ọlọ́pàá. Ní Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìrántí yẹn bọ́ sí i: òfin ò gbà á níbẹ̀, lẹ́mọ́ọ̀nù nìkan ni kó wà nínú tiyín.)

Ọsàn wẹ́wẹ́ ní olówó tirẹ̀: ọsàn kékeré roboto tí à ń fún sínú àgbo, tí à ń já ní tútù. Lẹ́mọ́ọ̀nù gùn díẹ̀, ó ní ṣóńṣó nídìí, ó sì máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó bá gbó. Àríyànjiyàn lásán kọ́ lèyí. Ọsàn wẹ́wẹ́ ò lè fara da òtútù tó lẹ́mọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá fi orúkọ yẹn ra igi nílùú tí yìnyín ti ń bọ́ lè ra èyí tí ò tọ́. Ẹ jẹ́ ká fi lẹ́mọ́ọ̀nù sílẹ̀ bí ẹnu ṣe ń pè é. Èyí tí wọ́n ń pè ní Meyer ló bá ìkòkò mu jù; ó ń gba àtíkè ara rẹ̀ (ìyẹ̀fun inú òdòdó tó ń mú kí èso so), ẹ kàn máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nu òdòdó rẹ̀ kiri ni, torí kò sí kòkòrò oyin nínú àgọ́ tó máa gbé àtíkè náà kiri.

"Igi igbó" ńkọ́? Igbó kì í ṣe igi, ọdún kan ò ní kọjá lórí rẹ̀. Láti 1 April 2024, òfin Jámánì gba àgbàlagbà láyè láti gbin mẹ́ta sílé. Ní Kánádà, láti 17 October 2018, mẹ́rin ni fún agbo ilé kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Quebec kọ̀ ọ́. Mẹ́ta kí ni? A ń ka ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ń ka ìdí àgbàdo. Ìdí igbó mẹ́ta ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni wákàtí ìmọ́lẹ̀. Àwọn tó ń gbin nǹkan lábẹ́ iná máa ń sọ pé 18 sí 6, tàbí 12 sí 12. Iná á tàn fún wákàtí 18, á kú fún 6, nígbà tí igbó ṣì ń yọ ewé. Tí wọ́n bá fẹ́ kó yọ òdòdó, wọ́n á dá a sí 12 sí 12. Ẹni tó bá gbọ́ "wákàtí ìmọ́lẹ̀" á rò pé ìmọ́lẹ̀ ni ewéko náà ń kà. Òkùnkùn ló ń kà. Òru gígùn tí nǹkan kan ò dá láàárín ló ń fẹ́, lálaalẹ́. Bí iná ilé bá yọ́ wọlé lójú síìpù, tàbí tí ẹnìkan ṣí àgọ́ wò lọ́gànjọ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wákàtí ìmọ́lẹ̀ ṣì lè jẹ́ 12 lójú aago, ṣùgbọ́n òru ti já sí méjì. Abo igbó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó akọ, á fún ara rẹ̀ ní àtíkè, hóró á sì kún inú òdòdó. Ọ̀rọ̀ tí a dá ló ṣi onítọ̀hún lọ́nà.

Lẹ́mọ́ọ̀nù ò ka òru rárá. Òtútù díẹ̀ tàbí ọ̀dá omi díẹ̀ ló ń jí òdòdó tirẹ̀. Nínú òru wákàtí 12, kò ní kú, á kàn máa lọ́ra ni. Irú igbó kan sì wà tó jẹ́ pé ọjọ́ orí ara rẹ̀ ló ń kà: tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún tó hù, á yọ òdòdó, ì báà jẹ́ lábẹ́ 18 sí 6. Èyí ló bá lẹ́mọ́ọ̀nù gbé jù. Tó bá jẹ́ irú tó ń ka òru ni, ẹ gbé lẹ́mọ́ọ̀nù lọ sójú fèrèsé fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 10 tí òdòdó fi ń gbó.

Ohun tí mo dábàá: "gígùn òru" fún ìwọ̀n náà, "òǹkà-òru" fún irú kìíní, "òǹkà-ọjọ́-orí" fún ìkejì.

Èsì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo gba gígùn òru tọwọ́tẹsẹ̀. Àmọ́ òǹkà ti di orúkọ iye: ẹní, èjì, ẹ̀ta. Ọmọ ilé ìwé tó bá rí òǹkà-òru á máa wá nọ́ńbà kiri. Ẹnìkan sọ fún mi pé ká pè é ní aṣọ́ru, torí pé ó ń ṣọ́ òru. Ta ni ò mọ ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì? Iná ń tàn di ìdájí! Ohun tó ń ba igbó jẹ́ gan-an la fẹ́ fi sọ ọ́ lórúkọ. Èmi fara mọ́ "akaòru".

Ẹ ò mẹ́nu kan ọ̀rinrin. Méjì ló wà nínú àgọ́, ẹ má jẹ́ ká fi orúkọ kan pè wọ́n. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́: bí 60 nínú 100 nígbà ewé, kó má ju 50 lọ tí igbó bá ti yọ òdòdó, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á bu láti inú wá kí ojú tó rí i. Lẹ́mọ́ọ̀nù ò kọ 50. Ọ̀rinrin iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti ń jà. Igbó tó ti dàgbà lè mu omi lójoojúmọ́. Lẹ́mọ́ọ̀nù ń fẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ òkè gbẹ tó 5 sẹ̀ǹtímítà kí ẹ tó bomi rin ín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbòǹgbò á jẹrà. Nítorí náà, kí wọ́n má ṣe jókòó sínú àwo omi kan náà.

Àwọn kan tún ń sọ pé lẹ́mọ́ọ̀nù á "ràn" òórùn rẹ̀ mọ́ igbó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Limonene, èròjà olóòórùn kan, wà nínú èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù, ó wà nínú àwọn igbó kan pẹ̀lú, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló ń ṣe tirẹ̀ láti inú irú tó ti wá. Ohun tó ń ràn níbẹ̀ ni kòkòrò tíntìntín tó ń ta òwú lábẹ́ ewé.

Èsì:

Àbúrò, mo ti gba akaòru, mo sì fi òǹkà sílẹ̀. Ti kòkòrò yẹn, ẹ ya lẹ́mọ́ọ̀nù tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ máa yí ewé rẹ̀ wò. Òróró dóńgóyárò dára fún un, ṣùgbọ́n kó má kan igbó tó ti yọ òdòdó, ẹnu àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Ẹ sì fi pákó sábẹ́ ìkòkò lẹ́mọ́ọ̀nù nígbà òtútù: tí gbòǹgbò rẹ̀ bá tutù kọjá 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí iná sì ń tàn lé ewé lórí, gbòǹgbò ò ní lè fa omi, ewé á wọ́ dànù tútùtútù. Fún èyí náà, mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan. Ta ló ní in?