Ara ọmọ tí kì í jẹ́ ká sùn (eczema àti oúnjẹ tó ń bá ọmọ jà): ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ọmọ Tánkẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka tàwọn ẹlòmíì, mi ò sọ tèmi rí. Àmọ́ lánàá mo rí ọmọbìnrin kan lọ́jà Ìpàtà tó pọn ọmọ, ojú ọmọ yẹn rí gẹ́lẹ́ bí ojú ọmọkùnrin mi ṣe rí lọ́dún tó kọjá, ìyá aláta kan sì ti ń sọ fún un pé kó lọ fún ọsàn wẹ́wẹ́ kó bu iyọ̀ díẹ̀ sí i kó fi pa á. Ọsàn wẹ́wẹ́! Sójú ọmọ tó ti bó! Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sọ̀rọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ ẹran tí mo rà fi kán tán nínú láílọ́ọ̀nù.

Tèmi rèé. Nígbà tí mo bí i, ara ẹ̀ jọ̀lọ̀. Ó di oṣù méjì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó ń le, ó ń bó. Kò pọ́n o. Gbogbo fọ́tò tí mò ń rí lórí fóònù, ara òyìnbó ni, pupa ni wọ́n ń fi hàn, ti ọmọ tèmi ṣe ni ó dúdú ju ibi tó kù lọ, ó wá rí ṣákiṣàki bí èèpo igi, ìyẹn ni mi ò ṣe tètè mọ̀ pé nǹkan kan náà ni. Ẹnì kan ní ooru ni, ẹnì kan ní làpálàpá ni, obìnrin tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tiwa ní kúrúnà ni, ó kó àwọn ọmọ ẹ̀ sá fún wa.

Ìyá ọkọ mi wá láti Ọ̀ffà kí wọ́n lè bá mi wẹ ọmọ. Mi ò ní sọ̀rọ̀ Àlájà láìdáa, wọ́n fẹ́ràn ọmọ yẹn ju ojú wọn lọ, àmọ́ omi gbígbóná, ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ni, wọ́n á fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò. Wọ́n ní a ò fọ̀ ọ́ dénú ni. Ọmọ á máa ké, èmi náà á wà ní kọ̀rọ̀ máa sunkún, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á fi àdín pa á, wọ́n á wá da pọ́dà olóòórùn dídùn lé e. Bàbá ẹ̀ gba hàntú (omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì kúrò lára wàláà) wá lọ́dọ̀ Alfa, a fi wẹ̀ ẹ́, ọkàn mi balẹ̀ sí àdúrà yẹn, àmọ́ ara ń yún un síbẹ̀. Kẹ́míìsì kan fún wa ní kírìmù túùbù tí gbogbo ayé ń lò yẹn, èyí tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú ẹ̀. Ọjọ́ kẹta, ojú ọmọ dán bíi dígí. Mo ya fọ́tò, mo gbé e sí státọ́ọ̀sì, gbogbo èèyàn ń bá mi dúpẹ́. Túùbù tán, ó padà dé, ó sì kó èrò wá: ọrùn, orúnkún, ìgbọ̀nwọ́.

Òru ló burú jù. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìró yẹn rí kò lè mọ̀. Ṣá, ṣá, ṣá nínú òkùnkùn, NEPA ti mú iná lọ, fáànù ti dúró, ọmọ oṣù 5 ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ha èjìká mi torí mo ti fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó lọ́wọ́. Tílẹ̀ bá mọ́, ojú ẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ aṣọ mi. Mi ò gbọdọ̀ fà á. Màá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, bàbá ẹ̀ á bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, a ó máa rin ín díẹ̀díẹ̀ títí aṣọ á fi tú kúrò, omi tó ń jáde níbẹ̀ á sì gbẹ di nǹkan kan bí oyin lójú ẹ̀.

Ni wọ́n bá ní ọmú mi ni. Mo yọ ẹyin kúrò, mo yọ ẹja, mo yọ ẹ̀wà, mo yọ mílíìkì, mo yọ ẹ̀pà, ó kù èmi àti ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́. Mo rù débi pé aṣọ ìkómọ mi ń bọ́ nídìí mi. Ara ọmọ kò yí padà.

Ìgbà tí a dé Òkè-Oyì, ní UITH, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, dókítà ọmọdé ò tiẹ̀ kọ́kọ́ béèrè oúnjẹ. Ó ká apá ọmọ, ó wo kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́, ó wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ikọ́ fée nínú ẹbí, tàbí kẹ̀, ẹni tó máa ń sín ṣáá tí ọyẹ́ bá dé. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín, torí láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì ni imú ẹ̀ kì í gbẹ. Dókítà ní eczema ni, kì í ràn, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó ní awọ ara ọmọ yẹn dà bíi páànù tó ti lu, omi inú ara ń jáde, gbogbo nǹkan ìta ń jò wọlé, ẹ̀yin wá ń fi kànìnkànìn ha páànù. Èyí tó ń gbẹ bí oyin yẹn, kòkòrò ti wọ̀ ọ́, ó kọ oògùn fún ìyẹn lọ́tọ̀.

Ohun tó ní ká ṣe kò jọ oògùn létí mi rárá. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, wẹ̀ ẹ́ kíá, má fi kànìnkànìn, má fi ọṣẹ olóòórùn, má nù ún gbẹ, fi táwẹ̀lì tẹ̀ ẹ́ nìkan, kó o sì fi ọ̀rá pa á kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé nígbà tí ara ẹ̀ ṣì tutù. Lẹ́yìn náà kó o tún máa pa á, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Mo béèrè pé ṣé Vaseline lásán? Ó ní àní kí n má wọ́n ọn bí atíkè, pé ike igiramu 250 lè tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo rò pé ó ṣì í sọ ni. Kírìmù hydrocortisone 1% fún ojú nígbà tó bá ru sókè nìkan, fún iye ọjọ́ tó kọ. Ó sì ní kí n padà sídìí ọbẹ̀ mi kí n jẹun.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọmọ sùn láti aago mẹ́wàá di aago márùn-ún. Èmi ni mi ò sùn, mò ń fọwọ́ kàn án bóyá ó ń mí.

Ti oúnjẹ wá ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọmọ pé oṣù 9, Àlájà ń mu gaàrí pẹ̀lú kúlíkúlí níwájú ilé, ọmọ rá lọ bá wọn, wọ́n nu itọ́ ẹnu ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan náà. Nǹkan kan ò wọ ẹnu ẹ̀ o. Kó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìka mẹ́ta hàn lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀, ó wú sókè, ó funfun láàárín, ẹ lè ka oríkèé ìka Àlájà níbẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ ṣàyẹ̀wò, ẹ̀pà àti ẹyin ló jáde. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ iye ibi tí ẹ̀pà sá pamọ́ sí ní Ìlọrin yìí: yájì tí wọ́n wọ́n sórí súyà, kúlíkúlí ni wọ́n lọ̀ sí i. Dónkwà. Tọ́mù bíráùn tí wọ́n ń fún ọmọ kó lè sanra, ẹ̀pà àti sóyà ló wà nínú ẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Gàá Àkànbí

Ìbejì ni tèmi. Àyà kan náà ni wọ́n mu, ọṣẹ kan náà, bẹ́ẹ̀dì kan náà, omi kànga kan náà. Táíwò ní in, Kẹ́hìndé ò ní. Torí náà tẹ́nikẹ́ni bá sọ fún ìyàwó mi pé ohun tó jẹ ló fà á, màá ní kó wá ṣàlàyé Kẹ́hìndé fún mi. Èmi ni mò ń fi ọ̀rá pa á lóru. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe débi pé mi ò tan tọ́ọ̀ṣì mọ́. Gbogbo fóònù mi ló ń yọ̀, ọ̀kan olówó gọbọi ni mo tún jẹ́ kó já sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọmọ Òmù-Àrán

Ìyá Ọmọ Tánkẹ̀, ẹ kú ìnira. Tèmi, wàrà ni. Ọmọ oṣù 11, mo ti mọ̀ pé mílíìkì ń bá a jà, torí ìgbà tí mo kọ́kọ́ fún un ní ti inú agolo ló ti bì. Àmọ́ wọ́n sọ fún mi pé wàrà yàtọ̀, wọ́n ti sè é pẹ̀lú ewé bòmubòmu, wọ́n tún din ín, iná ti pa ohunkóhun tó wà níbẹ̀. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo já a bí èékánná ọmọ báyìí sí i lẹ́nu. Ètè ẹ̀ wú, ó bì, ó tún bì, ó wá ń mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, ohùn ẹ̀ há. Àwọn aráalé ní ó ti jẹ májèlé, ẹnì kan sá lọ bu epo pupa wá, èkejì ní rárá, mílíìkì ló ń pa májèlé, ó ti ń lu agolo mílíìkì! Ọlọ́run ló ní kí n ti gbé ọmọ sórí ọ̀kadà. Abẹ́rẹ́ adrenaline ni wọ́n gún un ní itan, ẹ̀ẹ̀kan péré, kó tó ìṣẹ́jú mélòó kan ohùn ẹ̀ padà, ó ké, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọsibítù níbẹ̀.

Wọ́n dá wa dúró di ọjọ́ kejì, wọ́n ní ó lè tún dé lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ìyá oníwàrà (èèyàn dáadáa ni o, ó wá kí mi) ní kí n lọ fún un ní wàrà ewúrẹ́. Mo bi dókítà, ó ní wọ́n jọra jù, ohun tó ń bá a jà nínú ti màlúù wà nínú ti ewúrẹ́ náà.

Olóòtọ́

Ẹ̀yin ìyá òde òní. Àgbo ló wo tèmi, owó táṣẹ́rẹ́. Vaseline, Vaseline, ṣé ẹ fẹ́ din ọmọ ni.

Nọ́ọ̀sì Sàngó

Olóòtọ́, a gbọ́ o. Ọ̀pọ̀ eczema máa ń fúyẹ́ bí ọmọ ṣe ń dàgbà, ẹni tó ń fún un ní àgbo lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ ló ń gba ìyìn.

Mo fẹ́ fi kan kún ọ̀rọ̀ ìka Àlájà yẹn, torí iṣẹ́ mi ni, ọmọ mi náà sì ní in. Tí oúnjẹ bá kọ́kọ́ gba ojú ara tó bó wọlé, ara á kà á sí olè. Tó bá kọ́kọ́ gba ẹnu wọlé, ara á kà á sí àlejò. Lọ́dún 2015, àwọn dókítà kan nílùú London gbé iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n pè ní LEAP jáde. Ọmọ 640 ni, láti oṣù 4 sí oṣù 11, àwọn tí eczema wọn le tàbí tí ẹyin ń bá jà. Wọ́n ní kí àwọn kan máa jẹ ẹ̀pà déédéé, kí àwọn yòókù má fẹnu kàn án títí wọ́n á fi pé ọdún 5. Nínú 100 àwọn tó sá fún un, bíi 17 ni ẹ̀pà wá ń bá jà. Nínú 100 àwọn tó ń jẹ ẹ́, bíi 3. Àwa la tún ń sọ fún àwọn ìyá tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó dàgbà ná! Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, wọ́n ti yẹ àwọn ọmọ yẹn wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tí àyẹ̀wò wọn ti le jù, wọn ò gbà wọ́n. Ọmọ tí ara ẹ̀ ti wú bíi ti Ìyá Ọmọ Tánkẹ̀ kì í ṣe ẹni tí wọ́n á máa dán ẹ̀pà wò lára ẹ̀ nílé. Tí eczema ọmọ bá le, tí kò sì tíì jẹ ẹ̀pà rí, ẹ tètè bá dókítà sọ ọ́ láti oṣù 4. Ẹ̀pà lílọ̀ kúnná tí wọ́n po mọ́ ọ̀gì ni o, kì í ṣe odindi ẹ̀pà, odindi á há a lọ́fun.

Ìyá Adéwọlé

Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi dá sí i. Ẹyin ń bá ọmọ mi jà gan-an, wọ́n ní ká wá gba àjẹsára oṣù 9, àdúgbò mi ní kí n má lọ rárá.

Nọ́ọ̀sì Sàngó

Ẹ lọ, àmọ́ ẹ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fa abẹ́rẹ́ jáde. Méjì ló wà níbẹ̀ tí ẹ máa gbọ́ orúkọ wọn. Ti measles, ọmọ tí ẹyin ń bá jà lè gbà á, wàhálà ò sí. Ti ibà pọ́njú, inú ẹyin adìyẹ ni wọ́n ti ń ṣe é, ìyẹn ni dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò sí. Torí ọ̀kan má fi méjèèjì sílẹ̀.

Ìyá Ọmọ Tánkẹ̀

Ẹ ṣé o gbogbo yín. Ẹni tó béèrè òrí nínú ínbọ́ọ̀sì, òrí dáa, èyí tí kò lóòórùn tí wọn ò po nǹkan mọ́, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí apá ẹ̀ kan fún ọjọ́ méjì kí ẹ wò ó. Ara ọmọ tèmi ò fẹ́ ẹ nígbà ooru, òógùn ń há sábẹ́ ẹ̀, nígbà ọyẹ́ ló wúlò fún wa.

Àlájà ti padà sí Ọ̀ffà. Nígbà tí a lọ kí wọn nígbà ọdún, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti ọṣẹ ni wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó gbé ọmọ yẹn tí kò fọwọ́, títí kan Lèmọ́mù. Kúlíkúlí wọn wà nínú agolo, agolo wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì ń bi mí bóyá ó ga tó.

Ara ẹ̀ ṣì máa ń ru. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀yìn orúnkún. Ó ti sùn láti aago mẹ́sàn-án báyìí, ẹ jẹ́ kí n lọ fi ọ̀rá pa á lójú oorun kí èmi náà tó dùbúlẹ̀.