Àbúrò mi ní Houston fẹ́ gba káàdì tó ń san káṣíbáàkì, èwo ni kó mú?

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ Bódìjà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹni tó bá mọ̀ nípa káàdì àwọn ará Amẹ́ríkà kó gbà mí nímọ̀ràn. Aṣọ ọmọdé ni mò ń tà ní Alẹ́ṣinlóyè, àbúrò mi obìnrin tó wà ní Houston ló ń bá mi rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Amazon ni o, Walmart ni o, ibi tí wọ́n bá ti já owó ọjà wálẹ̀ ṣáá, á wá kó o fún àwọn kágò. Tí n bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ ó máa ń tó 500 dọ́là lóṣù. Owó inú àkáǹtì ẹ̀ gan-an ló fi ń san án látọjọ́ yìí. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló wá sọ fún un pé tó bá ń fi kírẹ́díìtì káàdì tó ń san káṣíbáàkì rajà, ìyẹn káàdì tí bánkì máa kọ́kọ́ bá a sanwó kó tó wá san án padà, owó díẹ̀díẹ̀ á máa padà sọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní kí n bá òun wádìí èwo ló dáa. Ọkàn mi ò balẹ̀ torí gbèsè ni mo mọ irú káàdì yẹn sí, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé nítorí ọjà tèmi ni àbúrò mi ṣe máa wọ gbèsè nílẹ̀ onílẹ̀.

Ọmọ Òkè-Àdó
Ẹ kú ọjà o, Ìyá Ẹ̀jìrẹ́. Mo gbé Maryland fún ọdún mẹ́jọ kí n tó padà wálé, mo lo bíi mẹ́ta nínú àwọn káàdì yìí. Owó gidi ni, kì í ṣe irọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ibi yòówù kó ti rajà, 2% ni, bíi Citi Double Cash, 1% nígbà tó bá ra ọjà, 1% tó kù nígbà tó bá san owó ọ̀hún. Prime Visa tí Chase ń ṣe ń san 5% lórí ọjà Amazon àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ti máa san owó Prime, ìyẹn owó ọmọ ẹgbẹ́ Amazon.

Èyí tó bá tiyín mu jù lójú tèmi ni Blue Cash Everyday ti American Express. 3% ni wọ́n ń san lórí ọjà tí wọ́n bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn ilé ìtajà Amẹ́ríkà títí tó fi máa pé 6,000 dọ́là lọ́dún, lẹ́yìn ìyẹn 1%. Ẹ wò ó, 500 lóṣù, oṣù méjìlá, 6,000 géérégé! 15 dọ́là lóṣù nìyẹn, 180 lọ́dún, wọn ò sì gba owó ọdọọdún lórí ẹ̀. Kó ṣáà ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ dáadáa kó tó gbà á torí wọ́n máa ń yí i padà. Tó bá jẹ́ ilé ìtajà London tàbí Ṣáínà ló ti fẹ́ rà, kó má fi èyí rà á o, owó tí wọ́n máa yọ torí pé ilẹ̀ òkèèrè ló ti rà á ju káṣíbáàkì tó máa rí lọ.

Aláṣọ Gbági
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ ò tíì dé ibi tó ń dun àwa ọlọ́jà. Ìyá Ẹ̀jìrẹ́, ìgbà wo lowó yín máa ń dé ọwọ́ àbúrò yín? Lọ́dún ìjẹta ẹ̀gbọ́n mi fi káàdì 2% ra ọjà 600 dọ́là fún mi, 12 dọ́là ló rí padà, inú wa dùn. Òjò wá bẹ̀rẹ̀, ọjà dúró sí mi lọ́wọ́, mi ò rówó fi ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ò sì lè dá a san, ló bá ń san iye tó kéré jù tí wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i. Ó ya fọ́tò ìwé yẹn sí mi lórí WhatsApp. Òkè níbẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé 35 dọ́là ni kó san, mo ní ṣebí kò pọ̀. Ìgbà tí mo wá fa fọ́tò yẹn tóbi ni mo rí èlé nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà kékeré bí ẹyin iná: 24% lọ́dún. 2% lóṣù nìyẹn! 12 dọ́là tó rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iye yẹn náà ni wọ́n gbà padà lóṣù àkọ́kọ́, wọ́n tún gbà tó sún mọ́ ọn lóṣù kejì, lóṣù kẹta. Oṣù méje la fi san án tán. Kò tiẹ̀ bá mi wí, ìyẹn gan-an ló pa mí lẹ́kún.

Tí àbúrò yín bá san gbogbo ẹ̀ pé kí ọjọ́ tó pé, kò sí èlé, ó kéré tán wọ́n ń fún wọn ní ọjọ́ 21 lẹ́yìn tí ìwé oṣù bá ti jáde. Kó má sì fi káàdì yẹn gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ ATM láéláé, ọjọ́ yẹn gan-an lèlé máa bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ Bódìjà
Ẹ ṣé gan-an. Èmi náà máa ń pẹ́ fowó ránṣẹ́ nígbà míì, mi ò ní purọ́. Ṣé mi ò kúkú lè fi káàdì náírà tèmi rà á láti ibí?

Baba Ìbejì Mọ́kọ́lá
2022 ni ọ̀pọ̀ bánkì dá káàdì náírà dúró lórí ọjà òkè òkun, wọ́n ti kọ́kọ́ já a sí 20 dọ́là lóṣù kó tó dìgbà yẹn. 2025 làwọn kan tún ṣí i padà, ẹ bèèrè ní bánkì yín.

Àmọ́ kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ táàsì? Ní Houston, 8.25% ni wọ́n ń fi lé owó aṣọ. Lórí ọjà 500 dọ́là, ó lé ní 41 dọ́là! Ìpínlẹ̀ Delaware ò gba táàsì orí ọjà rárá, àwọn kágò wa kan sì ní àdírẹ́sì níbẹ̀. Tó bá ní kí ilé ìtajà kó ọjà lọ síbẹ̀ tààrà, ohun tẹ́ ẹ máa jèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta 15 dọ́là tí Ọmọ Òkè-Àdó ń sọ. Ẹ ṣe méjèèjì pọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì dá ọjà kan padà, wọ́n máa gba káṣíbáàkì ẹ̀ padà ni, ẹ má tíì ná an.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ Bódìjà
A ti sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná. Blue Cash yẹn ló fẹ́ mú. A fẹnu kò pé kò ní ra nǹkan kan fún mi àfi tówó mi bá ti dé ọwọ́ ẹ̀, á sì ṣètò ẹ̀ kí bánkì máa yọ gbogbo owó oṣù fúnra ẹ̀, kì í ṣe èyí tó kéré jù. Aláṣọ Gbági, Ọlọ́run á bù sí ọjà yín. Ó wá ku kágò, Texas ni èyí tá à ń lò ní àdírẹ́sì sí. Ẹni tó bá mọ èyí tó wà ní Delaware tó sì ń já ẹrù n'Íbàdàn níbí, kì í ṣe pé kí n tún lọ gbé e l'Ékòó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ síbí. Ẹrù Iléyá ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.