Òfin páìpù tuntun: ṣé omi ìfọṣọ ò ní pa òdòdó mi?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí òfin páìpù àdúgbò wa padà torí omi tó ń ṣòfò, wọ́n ní a lè darí omi ẹ̀rọ ìfọṣọ sí ìdí òdòdó. Ṣé ọṣẹ inú ẹ̀ ò ní pa á báyìí?

Olóko Ẹ̀yìnkùlé: Kò ní pa á jàre, ọṣẹ tẹ́ ẹ bá ń lò ni kẹ́ ẹ ṣọ́, èyí tó ní bílíìṣì tàbí iyọ̀ púpọ̀ ò dáa fún ilẹ̀. Ẹ má sì tọ́jú omi yẹn ju wákàtí 24 lọ o, òórùn ẹ̀ á lé yín nílé 😂

Púlọ́ńbà: Ní California, láti 2009 ni wọ́n ti gba ti ẹ̀rọ ìfọṣọ láyè láìgba ìwé àṣẹ, tẹ́ ẹ ò bá ṣáà ti gé páìpù ilé. Ẹ fi fáàfù tó lè dá omi padà sójú ọ̀nà ìdọ̀tí sí i, torí omi tẹ́ ẹ fi fọ nápì ọmọ ò gbọdọ̀ dé ọgbà rárá, kẹ́ ẹ sì fi ewé gbígbẹ bo ibi tómi ń jáde sí. Ẹ má so ó mọ́ páìpù omi mímu láé!

Ẹni tó béèrè: Háà, nápì! Ìbejì ló wà nílé wa o. Ẹ ṣé gan-an.